Àdéhùn Kí A Tó Gbéra: Ìtàn Àwọn Afinimọ̀nà Etí Òkun

Bisimillahi Rahmani Rahimi. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá òkun, tí ó sì yọ̀ǹda kí ọkọ̀ máa rìn lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lánàá, kí a tó ṣínu, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa fún mi ní lẹ́tà kan tí bàbá kan kọ sí wa. Bàbá náà ní ọmọ òun obìnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ mú òun àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí ó máa ń gbé àwọn olùgbafẹ́ láti èbúté dé èbúté. Ọkọ̀ náà yóò dúró ní Tunis, yóò sì dúró ní Istanbul. Bàbá ní òun ò bá ti afẹ́ lọ. Ohun tí ó wu òun ni kí òun kírun ní mọ́sálásí Kairouan, kí òun sì dé ibojì Abu Ayyub, sàábé Ànábì. Ọmọ ní àwọn gbọ́dọ̀ háyà afinimọ̀nà tiwọn fúnra wọn, kí wọ́n sì san àsansílẹ̀ láti ilé. Bàbá wá bi mí ní ìbéèrè méjì. Èkíní: ṣé ó tọ́ kí a máa sanwó fún ẹni tí yóò mú wa dé ibi ìjọsìn? Èkejì: kí la máa ṣe tí wọn ò fi ní lù wá ní jìbìtì?

Bàbá, ìbéèrè yín kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní 1,400 ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ti ń háyà afinimọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a gba ojú ìtàn wò ó.

Amọ̀nà Ànábì

Ní ọdún 622, nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, òun àti Abu Bakr háyà ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Abdullah ọmọ Urayqit. Ẹ gbọ́ ná: ọkùnrin yìí kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà. Ẹ̀sìn àwọn Kuraiṣi ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà aṣálẹ̀ bí ẹni mowó, ó sì jẹ́ ẹni tí ọkàn wọ́n balẹ̀ sí. Wọ́n fi ràkúnmí méjì lé e lọ́wọ́. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, wọ́n sì dá ibi: lẹ́yìn òru mẹ́ta, ní ihò àpáta Thawr.

Ní àárín òru mẹ́ta yẹn, àwọn Kuraiṣi kéde 100 ràkúnmí fún ẹni tí ó bá mú Ànábì wá. Abdullah mọ ibi tí ó wà. Kí ó kàn lanu ni, ó ti di olówó. Kò lanu. Nígbà tí àsìkò tó, ó kó ràkúnmí méjèèjì dé bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn, ó sì mú wọn gba ọ̀nà etí òkun tí àwọn tí ń lépa wọn kò fọkàn sí.

Ìtàn yìí dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó tọ́ kí a sanwó fún amọ̀nà, nítorí Ànábì fúnra rẹ̀ ṣe é. Ó sì tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn: ìmọ̀ ọ̀nà àti ìṣòótọ́ ni wọ́n wò lára ọkùnrin náà, wọn ò wo aṣọ tàbí oríkì rẹ̀. Iṣẹ́, ibi àti àsìkò sì ti di mímọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbéra. Amaana ni iṣẹ́ amọ̀nà, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni ni.

Ohun tí ojú Ibn Jubayr rí

Ọ̀pọ̀ òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu kí ó tó kan Ibn Jubayr, ọ̀mọ̀wé ará Andalusia, tí ó kúrò ní Granada lọ sí Haji ní 1183. Ó kọ ìrìn àjò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ dé ọjọ́, ìwé náà sì wà títí di òní. Ní Ceuta, ó wọ ọkọ̀ àwọn ará Genoa, tí wọ́n jẹ́ Kristẹni. Nǹkan bí 30 ọjọ́ ni wọ́n lò lórí omi kí wọ́n tó dé Alexandria ní Íjíbítì.

Níbo ni wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀? Ní èbúté Mùsùlùmí ni. Àwọn aṣọ́bodè tú ẹrù àwọn arìnrìn-àjò palẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ ìgbànú wọn, wọ́n gba sáká lórí owó tí wọn kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó ti pé ọdún lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹrù ẹlòmíràn sì sọnù nínú rúkèrúdò náà. Inú Ibn Jubayr bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé Sultan Salahuddin kò mọ̀ sí i. Ó ní ìdí tí ó fi gbà bẹ́ẹ̀. Salahuddin yìí kan náà ni ó fagi lé owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn onílálájì, dínárì méje àti ààbọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì máa ń fi ìyà jẹ ẹni tí kò bá rí i san.

Ó dé Aydhab, èbúté kan ní etí Òkun Pupa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ kọjá sí Jẹ́ddà. Okùn èèpo àgbọn ni wọ́n fi rán pátákó àwọn ọkọ̀ náà pọ̀, kò sí ìṣó nínú rẹ̀. Àwọn olówó ọkọ̀ á kó ènìyàn há ara wọn bí adìyẹ inú àgò, kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀ náà pa nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ bá dé, ó dé. Bí kò bá dé, ẹ̀mí onílálájì ni ó lọ. Ibn Jubayr gba àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn nímọ̀ràn pé kí ẹni tí ó bá lágbára má ṣe gba ibẹ̀ rárá.

Nígbà tí ó ń padà sílé ní ìparí ọdún 1184, ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ ní Messina, ní erékùṣù Sicily. Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré wá láti kó wọn dé èbúté, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni wọ́n béèrè, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ tálákà kò sì rí i san. Ọba William, tí ó jẹ́ Kristẹni, wà ní ìlú náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí wọ́n san án fún wọn láti inú àpò òun. Ṣé ẹ rí i? Ní Alexandria, ẹni tí ń kírun bíi tiwọn ni ó tú ẹrù wọn. Ní Messina, ẹni tí kò kírun ni ó yọ wọ́n. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹnì kan kí yín ní sàlámà kí ẹ má bi í ní iye tí yóò gbà.

Mutawwif àti ọkọ̀ elérò púpọ̀

Àwọn ará Mẹ́kà ní ìtàn kan pé, nígbà tí Sultan Qaitbay ti Íjíbítì wá ṣe Haji ní 1480, adájọ́ ìlú ni ó mú un yí Káábà ká, tí ó ń ka àdúà síwájú fún un. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka iṣẹ́ mutawwif. Ó di iṣẹ́ ìdílé, bàbá ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Tó bá di Mẹ̀dínà, àwọn mìíràn ni ó ń mú àlejò lọ kí Ànábì.

Nígbà tí wọ́n la Suez já ní 1869, ọkọ̀ onísítíìmù wá pọ̀ lórí Òkun Pupa. Èrò ń ti Bombay àti Singapore wá. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ Jẹ́ddà nítorí òkúta abẹ́ omi, nítorí náà ọkọ̀ kékeré ni ó ń kó èrò dé ilẹ̀. Bí onílálájì bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni mutawwif rẹ? Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á fà á lé aṣojú ẹni náà lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀, wọ́n á fún un ní ẹni tí ó bá wù wọ́n. Àwọn mutawwif olóòótọ́ pọ̀, tí wọ́n fi àlejò sínú ilé wọn, tí wọ́n tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n sin òkú. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ń gbowó lórí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà, orí onílálájì sì ni wọ́n ti ń pa owó náà padà.

Ní 1880, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Jeddah kó nǹkan bí 1,000 onílálájì láti Singapore àti Penang. Ìjì jà, ẹ̀rọ ọkọ̀ bàjẹ́, omi ń wọlé. Ní òru ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ọ̀gá ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ìjòyè ọkọ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n fi èrò sílẹ̀ lórí òkun. Nígbà tí wọ́n dé Aden, wọ́n ní ọkọ̀ ti rì. Kò pẹ́ rárá, ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Antenor wọ́ Jeddah dé tòun ti àwọn èrò inú rẹ̀ láàyè! Àwọn onílálájì ti ń gbọ́n omi fúnra wọn. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá ọkọ̀ náà kò ju pé wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀sùn pọ̀ títí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso Íńdíà fi ọ̀rọ̀ onílálájì lé ilé iṣẹ́ Thomas Cook lọ́wọ́ ní 1886. Ilé iṣẹ́ yìí ti ń mú àwọn Kristẹni lọ sí Jerúsálẹ́mù láti 1869. Ètò Haji rẹ̀ kò lò tó ọdún mẹ́wàá tí ó fi parí, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì wó ní 2019. Ṣùgbọ́n ohun kan kù tí a fi ń rìn títí di òní: kí a mọ owó láti ilé, kí a sì gba ìwé dání. Ní Mẹ́kà náà, lẹ́yìn tí Ọba Abdul-Aziz gba Mẹ́kà ní 1924 àti Jẹ́ddà ní 1925, ìjọba rẹ̀ ṣe òfin fún àwọn mutawwif, ó sì fi iye owó wọn lélẹ̀. Ní 1952, ó fagi lé owó orí onílálájì pátápátá.

Àwa náà ńkọ́?

Ẹ má rò pé ìtàn àwọn ẹlòmíràn ni mò ń sọ. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n gba Kánò àti Máídúgùrí já sí Súdáánì, èbúté ni wọ́n parí rẹ̀ sí, ní Suakin tàbí Port Sudan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ kọjá sí Jẹ́ddà. Ẹlòmíràn lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́nà, ẹlòmíràn kò padà wálé mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú dé, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ìgbìmọ̀ onílálájì sílẹ̀ ní 1958 kí ẹnikẹ́ni má bàa máa dá jìyà.

Èmi alára ti fara gbá a. Ní Haji mi àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wa ní ẹnu ọ̀nà ibi tí a wọ̀ sí ní Mẹ̀dínà. Ó ní òun yóò mú wa lọ sí Uhud àti Kuba. A bi í ní iye rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí á lọ ná." A jẹ́ kí á lọ. Nígbà tí a dé Uhud, tí oòrùn mú, tí àwọn ìyá àgbà sì wà láàrin wa, ó bu owó tí ó lé ní ìlọ́po méjì èyí tí a rò. A san án. Mo bínú sí i nígbà náà. Lónìí mo mọ̀ pé ìdajì ẹ̀bi náà jẹ́ tiwa, nítorí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ nínú Suratul Bakara pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Àáfà ni mí, mo ń kọ́ ènìyàn ní āyà yìí, n kò sì lò ó.

Ìdáhùn fún bàbá

Bàbá, ẹ máa lọ, kí Ọlọ́hun mú yín lọ ire. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ọmọ wa béèrè bóyá ìwé ìrìnnà yín gba físà láti sọ̀kalẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ afinimọ̀nà náà, nítorí òfin Tọ́kì kò gba kí ẹni tí kò ní in ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó, ṣé ti ènìyàn kan ni tàbí ti gbogbo yín, ọkọ̀ àti oúnjẹ ńkọ́, iye tí yóò dá padà bí ọkọ̀ ojú omi kò bá dúró ní èbúté náà mọ́.

Ẹ ṣọ́ aago. Kairouan tó nǹkan bí 160 kìlómítà sí èbúté Tunis. Àlọ àti àbọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí ọkọ̀ bá fún yín ní wákàtí mẹ́jọ, kò kù púpọ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó ṣètò ìrìn náà, ọkọ̀ sábà máa ń dúró de àwọn tí ó bá pẹ́. Afinimọ̀nà tiyín kò ní àǹfààní yẹn: bí ẹ bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ, ẹ̀yin á sì fi owó ara yín lépa rẹ̀ dé èbúté kejì. Ẹ sọ fún un pé ìrun lẹ ń bọ̀ wá kí, pé inú mọ́sálásí tí Uqba ọmọ Nafi dá sílẹ̀ ní 670 ni ẹ fẹ́ wà nígbà ìrun Ayilà, kì í ṣe ojúde tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Ní Istanbul, láti 2024, àlejò tí ó wá wòran ní Hagia Sophia ń sanwó, òkè ni wọ́n sì ń mú un gbà. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ó wá kírun. Ẹ jẹ́ kí ó mọ èyí tí ẹ jẹ́.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Abu Ayyub, ẹ rántí pé ilé rẹ̀ ni Ànábì dé sí nígbà tí Abdullah ọmọ Urayqit mú un dé Mẹ̀dínà. Nígbà tí ó darúgbó, ó bá àwọn ọmọ ogun lọ sí ẹnu odi Istanbul, ibẹ̀ ni ó kú sí. Ẹ kí i ní sàlámà, ẹ ṣàdúà fún un, ẹ má tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òkú, kódà bí afinimọ̀nà bá ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Bí ó bá sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ san án kíá, kí ẹ sì fi nǹkan lé e. Àdéhùn kò de ẹnì kan ṣoṣo.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a ṣìnà láyé, kí Ó má jẹ́ kí a ṣìnà lọ́run. Kí Ó gba ààwẹ̀ wa. Àmín. Wassalamu alaykum warahmatullahi wabarakatuhu.