Ohun Èlò Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan tún wà tí ń gbe àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀: èyí ni ohun èlò tí àwọn ará ìṣáájú lò. Nítorí irú ẹ̀rí báyìí ni Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó dé Nàìjíríà ní 1927, fi sa ipá rẹ̀ títí a fi ṣí ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Oníkan, Èkó, ní 1957.

Ọ̀kan tí a mọ̀ jù nínú ohun tí a pàtẹ síbẹ̀ ni ọkọ̀ Mercedes dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí a yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, 1976. Ihò ọta wà lára rẹ̀. Ẹni tí a kò tí ì bí lọ́jọ́ náà rí i, ó sì yé e.

Ṣùgbọ́n ìtàn ìpínlẹ̀ kì í ṣe ti àwọn alágbára nìkan. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ṣómólú àti Bárígà wà. Síbẹ̀, CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ti kó lọ sí Bárígà ní 1959. Ẹsẹ̀ ènìyàn ti so ìlú pọ̀ kí òfin tó so ó.

Kí ni yóò jẹ́rìí sí èyí? Ní Ṣómólú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, pẹ̀lú lẹ́tà òjé tí àwọn atẹ̀wé ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà. Ní Bárígà, àwọ̀n àti ọkọ̀ àwọn apẹja Ìlàjẹ ni, àti garawa àwọn tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, yanrìn tí a fi ń kọ́ ilé. Òjé ṣeé yọ́ tà. Pákó ọkọ̀ a sì máa jẹrà sínú ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá tán láìsí ẹni tí ó kó wọn pamọ́, ìtàn Èkó yóò di ti ààfin àti ilé ìjọba nìkan.

Olùkọ́ tí ó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ohun èlò àtijọ́ kan wá láti ilé, tí ó sì bi í pé ta ni ó lò ó, nígbà wo, fún kí ni, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí Murray ṣe. Ẹlẹ́rìí tí a kò tọ́jú kì í dé ilé ẹjọ́.