Ṣílè Fàdákà

Ṣílè ni orúkọ tí àwọn baba wa fún owó òyìnbó tí kọ́bọ̀ méjìlá wà nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ mọ̀ pé, nínú èyí tí a rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1913 sí 1920 ni fàdákà, nítorí láti 1920 ni idẹ ti ń gba ipò rẹ̀. Wo imọ̀ ọ̀pẹ àti adé orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún: bí ìlà wọn bá ṣì hàn kedere, ojúlówó àṣàyàn ni. Má ṣe fi eérú bó o, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣílè tí a bó ti sọ iyì rẹ̀ nù.