Ìwé Ṣáájú Ẹ́ńjìnnì: Ọkọ̀ Oníràwọ̀ Láti Kútọnu Dé Èkó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹbí wa ní Àjàṣẹ́ Ilé fẹ́ràn láti máa jù sí wa, èyí tó máa ń dùn mí wọra nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ọ. Wọn a ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ìwé lẹ máa ń rà, ẹ kì í ra mọ́tò." Ẹni tó sọ ọ́ sí mi létí kẹ́yìn ni àbúrò ìyàwó mi, ọmọ Àjàṣẹ́ tòótọ́, fítà tó mọ inú ọkọ̀ Mercedes bí ẹní mowó. Ọ̀gá rẹ̀ kan níbẹ̀ ló rán an pé kó bá òun wo ọkọ̀ oníràwọ̀ kan, Mercedes náà ni, nínú ọgbà tòkunbọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ́, mo sì tẹ̀lé e. Kí ọlọ́jà tó kí wa tán, òun ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi sì ń bèèrè ìwé ọkọ̀ náà. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ló ń gbé èèyàn relé, ìwé kì í gbé ẹnikẹ́ni." N kò dá a lóhùn níbẹ̀, nítorí kò yẹ kí àna méjì máa jiyàn níwájú ọlọ́jà; èsì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo wá ń kọ sílẹ̀ yìí, kí òun àti gbogbo ẹni tó bá ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀ lè kà á.

Bí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe fa ìlà gba àárín ilẹ̀ Kétu àti Ìfọ̀nyìn kọjá, tí ọmọ ìyá kan náà fi di ọmọ ìlú méjì, kì í ṣe ìtàn tí mo ní í pa fún Yorùbá kankan. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí ni pé títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà lójú títì wa gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lé wa lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Dahomey, ìlú tó wá ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ láti 1975. Bí kò bá ṣe pé a yí padà lọ́jọ́ náà ni, ọkọ̀ tó bá ti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu ì bá di àjèjì lójú títì Èkó, òwò tó ti sọ ọ̀pọ̀ ẹni di ọlọ́rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà ì bá má sì ta gbòǹgbò rárá. Ìyípadà yẹn náà ló fi àyẹ̀wò kan sílẹ̀ fún wa tí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀: àwọn kan wà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń gbé sítíárìn náà bọ́ sí ọwọ́ òsì. Dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ lè gún régé bí ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n bomi sí gíláàsì iwájú, kí wáípà nù ún, ẹ ó rí i pé igun tí wáípà kò nù dé ti bọ́ sí iwájú awakọ̀ gan-an.

Ní 1975 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ fún wa. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn nígbà náà, owó Údójì, àfikún owó oṣù, ti wọ àpò òṣìṣẹ́, tíṣà àti akọ̀wé ìjọba sì ń wa ọkọ̀ tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ìgbà yí padà bìrí. Iye epo já lulẹ̀, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹni tó sì ra ọkọ̀ tuntun lánàá kò lè pààrọ̀ táyà rẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a gba èyí tí òyìnbó ti lò kù. Kútọnu súnmọ́ wa, owó ibodè rẹ̀ fúyẹ́, àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì sì gba ilẹ̀ gbalasa, wọ́n to ọkọ̀ sí i rẹpẹtẹ. Nígbà tó di oṣù Kíní 1994 tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà tí Bẹ̀nẹ̀ ń ná sí ìdajì, ohunkóhun tí wọ́n bá fi owó òyìnbó rà di ọ̀wọ́n gógó fún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wá hàn kedere pé Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tó jókòó sí ọgbà Kútọnu ń kọjú sí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀nà tiwa àti tiwọn ti yà. Lójú ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹrù tó ń kọjá lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èbúté, wọ́n gba ohun tó tọ́ sí wọn, wọ́n sì kí i pé ó dàbọ̀, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Bí ó ti ń pọ̀ tó ni owó ń wọlé fún wọn tó, nítorí náà kò sí ìdí tí ìjọba fi ní láti máa lé ọkọ̀ kiri ìgboro. Ọmọ ìlú náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀ oníràwọ̀ tí yóò máa bà á lẹ́rù, torí pé ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní sẹ̀mìjáàn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó dàgbà sí irú ibẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún Mercedes ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá tí kò sì sí ẹni tí ń bi í léèrè nǹkan kan, irin nìkan lojú rẹ̀ yóò mọ̀: yóò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, yóò tẹ táyà, yóò wo kùn, àyẹ̀wò sì ti parí. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n kó tó máa kọ́ wa ní ọgbọ́n, ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ojú wa ti rí.

Ní oṣù Kẹjọ 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè àwa àti Bẹ̀nẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí àwọn adigunjalè tí wọ́n ń já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni lọ́dọ̀ wa tí wọ́n sì ń wà á sọdá. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ọkọ̀ tó mọ́ tónítóní lè ní ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Ìjọba yí iye ọdún tí ọkọ̀ lè ti lò kó tó wọlé padà lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó di 2013, wọ́n gbé owó ibodè lọ sókè fíofío nítorí kí ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ lè sọjí. Ọjọ́ 1 oṣù Kíní 2017 ni òfin dé pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èyí tó bá gba èbúté wa. Oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n tún ti ẹnubodè pa, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Gbogbo èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ́ wọlé lẹ́yìn òfin 2017, fàyàwọ́ ni, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa kọrin tó.

Mo mọ bàbá kan, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra Mercedes kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta ọkọ̀ ní ìgboro Èkó. Mẹkáníìkì méjì ló bá a wò ó, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ náà kò ní àléébù. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ, kò ní. Kò tíì lò ó pé ọdún kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dá a dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n bèèrè ìwé ibodè, tí wọ́n yẹ ìwé náà wò, tí wọ́n sì sọ fún un pé ayédèrú ni. Ó fi ẹsẹ̀ rìn délé. Ẹni tó tà á fún un ti kó ọgbà rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó wá máa fi rẹ́rìn-ín pé ó ń bèèrè ìwé kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì?

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹni ni kí a fún un. Ohun kan wà tí àbúrò ìyàwó mi fi hàn mí lọ́jọ́ náà tí mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. Ọkọ̀ tí a lọ wò jẹ́ S-Class, irú èyí tí Mercedes ṣe láàrin 1998 sí 2005, ọkọ̀ ọlọ́lá, ọkọ̀ tí àwọn mínísítà fi ń jáde, tí kì í ṣe sípíríńgì onírin ló gbé e dúró bí kò ṣe àpò afẹ́fẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan nídìí táyà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fà mí létí pé, "Ó gbóná. Wọ́n ti ṣáná sí i kí a tó dé." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó ní a ó padà wá, láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, a ti wà níbẹ̀. Iwájú ọkọ̀ náà lápá òsì ti wọlẹ̀ gbì, ìka méjì kò lè wọ àárín táyà àti irin tó bò ó, nígbà tí ìka mẹ́rin wọ ti apá ọ̀tún wẹ́rẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń jò. Bí wọ́n bá ti ṣáná sí i ni fìfó rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náà, yóò gbé e dìde, tí ẹni tó bá dé lọ́sàn-án yóò sì bá a lórí ìdúró bí ọba. Iye àpò kan ṣoṣo kì í ṣe owó kékeré, fìfó tó sì ti ń ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó náà kò ní í pẹ́ kú.

Ẹ fi èyí kún un fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó sókè kí ẹ wò bóyá yẹ̀pẹ̀ tàbí ìpata wà nídìí bóòtù tó de ìjókòó mọ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí omíyalé gbé ní Amẹ́ríkà kì í sọ ìtàn ara rẹ̀, òórùn èbu nìkan ní í tú u fó. Bó bá jẹ́ E-Class tí wọ́n ṣe láàrin 2002 sí 2006, ẹ bèèrè nípa bíréèkì rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí Mercedes fúnra rẹ̀ pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà fún àtúnṣe ní 2004 àti 2005. Bí ẹ bá sì yí kọ́kọ́rọ́, iná éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, kó sì kú fúnra rẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tó kọ̀ tí kò kú lọ, nítorí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé éábáàgì náà ti bẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àpò afẹ́fẹ́ tó jò ní àtúnṣe, ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni kò ní. Nítorí náà ni ọ̀nà tiwa fi jẹ́ ọ̀nà tó tọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ìbẹ̀rù. Nọ́ńbà ṣáásì tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17 ni orúkọ àbísọ ọkọ̀. Ẹ wá a rí nídìí gíláàsì iwájú, ní ara òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ àti lára irin tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bò, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa èyí tí wọ́n gbẹ́ sára irin, nítorí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ kì í jọ̀lọ̀ bí ti ilé-iṣẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ fi wọ́n wé èyí tó wà lórí ìwé ibodè, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra yín, kì í ṣe kí ẹ fi rán alágbàtà tó ń ta ọkọ̀ fún yín. Láti 2022 ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbé ètò kalẹ̀ tí wọ́n fi ń ti ara nọ́ńbà ṣáásì ṣírò owó ibodè, nítorí náà ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu kò níyì kankan lọ́dọ̀ wọn.

Àna mi, fítà rere, ọmọ Àjàṣẹ́ Ilé, mo gbà pé ojú rẹ mú ju tèmi lọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí mo bá sì tún fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́la, ìwọ ni n ó ránṣẹ́ pè wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá fi ẹnu ara wọn sọ fún mi pé ìwé rẹ̀ péye ni n ó san owó ọkọ̀ rẹ, kì í ṣe ṣáájú ọjọ́ náà.