Àwọn Àgbà Ayàwòrán Ẹ̀fẹ̀ Ìlú Èkó

Àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ Èkó ni àwọn tó ń fọwọ́ ya àwòrán sínú ìwé ìròyìn láti nǹkan bí ọdún 1940 wá, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gègé. Erékùṣù Èkó ni púpọ̀ nínú wọn ti jẹun, pàápàá ní òpópónà Kakawa tí Daily Times fi ṣe ilé. Igbosere kò jìnnà síbẹ̀. Akọ̀ròyìn tó lọ gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù gíga Igbosere lè fẹsẹ̀ rìn padà sí Kakawa kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ. Èkó ìgbà náà kò ní ilé-iṣẹ́ fíìmù káàtúùnù bíi ti Walt Disney. Yàrá ayàwòrán inú ilé ìwé ìròyìn ló sún mọ́ ọn jù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọwọ́ tó mọ àwòrán yà kóra jọ sí.

Ṣáájú wọn ni Aina Onabolu (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó ní àwòrán nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣiyèméjì pé adúláwọ̀ lè ya ojú èèyàn kó jọ ọ́. Ní ti fífi alágbára ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba, Yorùbá kò kọ́ ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń ṣe é tipẹ́.

Ẹni tí a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Akinola Lasekan, tí wọ́n bí ní Ọ̀wọ̀ ní 1916. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ṣe láti òkè òkun wà lára ohun tó fi mọ iṣẹ́. Nígbà ogun Hitler ló bọ́ sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937, ó sì ń fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀ ní “Lash”. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó sọ àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú di iṣẹ́. Yaba ni ọ́fíìsì Pilot wà, ní òdìkejì afárá Carter, ṣùgbọ́n ilé gómìnà ní Marina ni gègé Lash ń kọjú sí. Ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ olótùú yóò rí òyìnbó tó sanra tó jókòó lé àgbẹ̀ lórí, yóò sì yé e. Ìjọba mọ̀ bí ìwé náà ṣe lágbára tó: ní July 1945, nígbà ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò, wọ́n ti Pilot àti ìwé ìròyìn mìíràn, Comet, pa fún ìgbà díẹ̀. Lash kò sì ṣe ojúsàájú ẹ̀yà. Nígbà tí Pilot ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group jà lẹ́yìn 1950, Awolowo olórí wọn náà jẹ nínú tádàwà ọmọ Ọ̀wọ̀ yìí.

Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, àwòrán Lash a máa kún jù. A kọ orúkọ sára èèyàn, sára ẹrù, sára ẹranko pàápàá, bí ẹni tí kò fọkàn tán òǹwòran. Àwòrán ọ̀dà olóróró àti olómi rẹ̀ nípa àwọn akọni Yorùbá, bíi Ajaka ti Ọ̀wọ̀, balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ́ni ní yunifásítì Nsukka, lẹ́yìn náà ní Ifẹ̀, kó tó kú ní 1972.

Iṣẹ́ náà kò gba ìmẹ́lẹ́. Lẹ́yìn tí olótùú bá ti yan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ayàwòrán á fi pẹ́ńsùlù fa òjìji rẹ̀, á fi gègé tàbí búrọ́ọ̀ṣì gbé tádàwà lé e, á wá nu pẹ́ńsùlù kúrò. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì fi ásíìdì gbẹ́ ẹ sára irin síńkì, kí wọ́n tó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ìlà tó bá tínrín jù lè já, èyí tó bá sún mọ́ra jù á dì pọ̀ lórí bébà olówó pọ́ọ́kú. Ìdí nìyẹn tí ìlà àwọn àgbà yìí fi nípọn, tí àlàfo sì pọ̀ láàárín rẹ̀.

Daily Times bẹ̀rẹ̀ ní June 1926, Ernest Ikoli sì ni olótùú àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù rà á ní 1947. Lábẹ́ Babatunde Jose, olórí ilé-iṣẹ́ náà, ló di òkè ńlá: ní 1975, ó ń ta nǹkan bí 275,000 ẹ̀dà lójúmọ́, Sunday Times sì ń ta bíi 400,000. Ta ni ayàwòrán tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń dúró dè tí kò ní gbìyànjú? Josy Ajiboye dé ibẹ̀ ní 1971. “Josy Ajiboye on Sunday” rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lépa mínísítà. Ará àdúgbò ló ń wá, ẹni tí owó ọjà ń dà láàmú, tí ìyàwó sì ń dúró dè nílé. Dele Jegede, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Zaria, jẹ́ olótùú àwòrán níbẹ̀ láti 1974 sí 1977. Ọmọ aláìgbọràn inú “Kole the Menace” rẹ̀ ń sọ ohun tí àgbàlagbà ń gbé mì. Jegede di ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn náà, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Èkó àti ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí The Guardian dé ní 1983, Bisi Ogunbadejo mú àwòrán mìíràn wá, tó jọ àlọ́ ju ẹ̀fẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí àwọn ọwọ́ wọ̀nyí kò ya àwòrán tó ń rìn? Ìṣirò ni kí a wò. Bí a bá ya àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, fíìmù wákàtí kan á gba 43,200. Lẹ́yìn àwọn àgbà mẹ́sàn-án tí Disney gbára lé, irú wọn Frank Thomas, Marc Davis, Milt Kahl àti Ollie Johnston tó kẹ́yìn wọn kú ní 2008, ni ogunlọ́gọ̀ olùrànlọ́wọ́ wà tí ń ya àárín ìgbésẹ̀, àti àwọn obìnrin tí ń kun ọ̀dà. Ayàwòrán Kakawa kò ní ju tábìlì rẹ̀ lọ, àwòrán ọ̀la sì ń dúró dè é.

Síbẹ̀, ẹnìkan gbìyànjú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín. Moustapha Alassane ti Niger (1942–2015) kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kó tó kọ́ fíìmù lọ́dọ̀ Norman McLaren ní Kánádà. Ní 1966, ọdún tí ṣọ́jà gba ìjọba ní Nàìjíríà àti Gánà, ó ṣe “Bon voyage, Sim”: ọ̀pọ̀lọ́ tó jẹ́ ààrẹ rìnrìn-àjò lọ sókèèrè, nígbà tó padà, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni fíìmù náà, ṣùgbọ́n n kò rí àwòrán ẹ̀fẹ̀ Èkó kan tó bu òṣèlú ọdún náà jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti rí ọ̀nà mìíràn. Ridwan Moshood, ọmọ Èkó, lọ ń kọ́ iṣẹ́ náà ní káfíì íntánẹ́ẹ̀tì, “Garbage Boy and Trash Can” rẹ̀ sì dé orí Cartoon Network Áfíríkà. Àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ aláwòrán Kugali ní tiwọn fọ́nnu lórí BBC ní 2019 pé àwọn á na Disney ní Áfíríkà; Disney gbọ́, ó pè wọ́n. “Iwájú” jáde ní 28 February 2024, apá mẹ́fà, nípa ọmọbìnrin ọlọ́lá tó ń gbé Erékùṣù Èkó ọjọ́ iwájú àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní òdìkejì omi. Kugali ló ni ìtàn àti ojú ìlú. Cinesite, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, ló mú àwòrán náà rìn.