Kàtídírà: Ilé tí a fi Àga sọ lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kan mu tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ọmọ Ìjọ, èyíinì ni kàtídírà. Bí ilé ìsìn bá ti tóbi, tí ilé agogo rẹ̀ sì ga, kíá ni a ó ti máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títóbi ilé ni àwọn baba ìgbàanì wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àga kan tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ní èdè Gíríìkì, kathedra ni orúkọ àga. Àwọn ará Róòmù gba ọ̀rọ̀ náà sínú èdè Látìnì. Láyé ìgbà náà, ìjókòó ni olùkọ́ ń jókòó kọ́ni. Ẹ ka Ìhìnrere Lúùkù orí 4: nígbà tí Olúwa wa ka ìwé Àìsáyà tán ní Násárẹ́tì, ó jókòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Àmì ẹ̀kọ́ ni àga jẹ́ kí ó tó di àmì ọlá.

Nígbà tí àwọn Kristẹni bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìsìn ńláńlá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ẹ̀yìn pẹpẹ ni wọ́n ń gbé àga Bíṣọ́ọ̀bù sí, kí ó lè kọjú sí ìjọ. Àwọn àlùfáà a sì jókòó lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ilé tí àga náà bá wà ni kàtídírà, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ẹ wo ìlú Róòmù: ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ tóbi, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé, síbẹ̀ kì í ṣe òun ni kàtídírà Póòpù. Ilé ìsìn Jòhánù Mímọ́ ti Lateran ni àga rẹ̀ wà.

Ní Canterbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àga òkúta kan wà tí a ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, tí a sì fi orúkọ Augustine pè, ẹni tí ó mú ìhìnrere dé ibẹ̀ ní 597. Lórí rẹ̀ ni a ti ń fi Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà jẹ. Nínú kàtídírà yìí kan náà ni a ti ya Samuel Ajayi Crowther sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù, ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù, 1864. Kí ọjọ́ náà tó dé ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́: ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, àti ìwé àkọ́kà èdè Ìgbò ní 1857. Ẹni tí ó ti ń kọ́ni ni a fún ní ipò àga.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kíkọ́ ilé ńlá fún Ọlọ́run. Ní ìlú púpọ̀ ní Nàìjíríà, ìjọ wa àti àwọn ìjọ ẹlẹgbẹ́ wa ń sọ ilé tuntun ní kàtídírà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé orúkọ náà sára ògiri, ìbéèrè kan kù: ta ni ń kọ́ni níbẹ̀, kí sì ni ó ń kọ́ wọn? Bí ọmọ Ìjọ bá wọlé láìmọ̀, tí ó sì jáde láìmọ̀, òfìfo ni àga náà, bí ẹnìkan tilẹ̀ jókòó lórí rẹ̀.