Hù: ohun tí ọ̀rọ̀ kan sọ nípa eyín àti àgbọ̀n

Eyín máa ń hù, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ṣe ń hù. Ọ̀rọ̀ náà péye ju bí a ṣe rò lọ, nítorí ohun tó bá hù ti wà lábẹ́ kó tó yọ. Nínú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọmọ tuntun ni irúgbìn eyín ńlá ẹ̀yìn àkọ́kọ́ tó jẹ́ eyín àgbà ti wà, bẹ́ẹ̀ kì í yọ títí ọmọ á fi tó bí ọdún 6. Ìtòsí ibẹ̀ gan-an ni ayùn oníṣẹ́ abẹ ń gbà nígbà tí wọ́n bá ń fa àgbọ̀n ọmọ tó kéré jù gùn kí ọmọ náà lè rí èémí mí. (“Fà” yìí máa ń tan ènìyàn jẹ: egungun kì í nà bí rọ́bà. Wọ́n á gé e, irin á máa ti apá méjèèjì kúrò lára wọn ní bíi mìlímítà 1 lójúmọ́, egungun tuntun á sì dí àlàfo náà.) Irúgbìn tí ayùn tàbí ìṣó irin náà bá kàn lè má hù mọ́, gbòǹgbò rẹ̀ lè kúrú tàbí kó wọ́, eyín sì lè yà kúrò ní àyè rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní koríko àti irun náà ń hù, pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n irun pàápàá ní gbòǹgbò lábẹ́ awọ. Àtakò tó wúwo ni pé ọmọ tí kò rí èémí mí kò ní àsìkò fún ọ̀rọ̀ eyín. Òótọ́ ni, èémí ló ṣíwájú. Síbẹ̀, ìyẹn kò ní kí dókítà má ya àwòrán àgbọ̀n wò kó tó gé e, tàbí kó má ṣọ́ eyín náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.