Linux: Bí ẹ ṣe lè so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà láì ná owó dátà, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí ìsopọ̀ náà já

Ní ìlú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa, ohun méjì ló sábà máa ń dí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́: owó dátà àti iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège.

Ọdún 2016 ni àwọn aráàlú bẹ̀rẹ̀ ìpolongo #DataMustFall láti tako ọ̀wọ́n dátà. Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, àjọ Competition Commission ní kí Vodacom àti MTN dín owó wọn kù. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, Vodacom gé owó 1GB olóṣù kan láti R149 sí R99.

Síbẹ̀, oníṣòwò ní Hillbrow tàbí Yeoville tó ń fi àwòrán ọjà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ nípasẹ̀ ímeèlì lè san owó dátà lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tó ń fi ránṣẹ́, àti nígbà tó ń gbà á.

Kí ni KDE Connect?

KDE Connect jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́ tí Albert Vaca bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí lọ́dún 2013. Orí Wi-Fi inú ilé ló ń gbà gbé fáìlì láti fóònù sí kọ̀ǹpútà, kò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì máa ń ti ìsọfúnni náà pa kí ẹlòmíì má bàa rí i kà.

Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu, ẹ̀yà Linux tí Mark Shuttleworth, ọmọ bíbí South Africa, dá sílẹ̀, tó sì jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2004. Láti inú èdè Zulu àti Xhosa ni orúkọ Ubuntu ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí.

Báwo lẹ ṣe máa fi sórí kọ̀ǹpútà?

1. Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ kọ:
sudo apt update
sudo apt install kdeconnect
Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ bá tẹ̀ kò ní hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

2. Ẹ fi áàpù kan náà sórí fóònù yín, kí ẹ sì so fóònù àti kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi kan ṣoṣo.

3. Ẹ yan orúkọ kọ̀ǹpútà lórí fóònù, kí ẹ sì gba ìsopọ̀ náà wọlé lórí kọ̀ǹpútà.

Bí wọn kò bá rí ara wọn, ẹ kọ sudo ufw status. Bí ó bá dáhùn pé active, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri ààbò kọ̀ǹpútà ló ń dí ọ̀nà. Ẹ ṣí i báyìí:
sudo ufw allow 1714:1764/tcp
sudo ufw allow 1714:1764/udp

Kí ló ń mú kó dáwọ́ dúró?

Ọdún 2007 ni iléeṣẹ́ Eskom bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná ní wákàtí-wákàtí, èyí tí wọ́n ń pè ní load-shedding. Ọdún 2023 ló burú jùlọ.

Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú, áàpù náà kò ní bẹ̀rẹ̀ padà títí ẹ ó fi tan kọ̀ǹpútà, tí ẹ ó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé.

Ẹ̀rọ Wi-Fi náà lè kú. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín bá ṣì ní bátìrì, ẹ tan hotspot fóònù, kí ẹ sì so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ẹ pa dátà fóònù ná, kí kọ̀ǹpútà má bàa máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ fóònù Android náà máa ń pa áàpù tí a kò ṣí lójú láti fi bátìrì pamọ́. Nínú ètò bátìrì, ẹ yọ KDE Connect kúrò lára àwọn tí fóònù lè pa.

Ẹ ṣọ́ra

Ẹ má ṣe gba ìsopọ̀ láti orí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín. Ẹni tí ẹ bá gbà wọlé lè rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù yín, tàbí kó máa darí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ pa gbogbo àṣẹ tí ẹ kò bá nílò nínú áàpù náà. Bí ẹ bá fẹ́ ta fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ́kọ́ já ìsopọ̀ náà.